Ìrìn-àjò pẹ̀lú amọ̀nà ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn

Ìrìn-àjò pẹ̀lú amọ̀nà ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn ni ìbẹ̀wò tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti onímọ̀ ìwádìí máa ń ṣe sí àwọn òkè, igbó, odò àti ahoro ìlú tó wà ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà ẹni tó mọ ilẹ̀ náà dáadáa. Ibi mẹ́ta tó gbajúmọ̀ jù nínú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni Ọgbà Orílẹ̀-Èdè Ọ̀yọ́ Àtijọ́ pẹ̀lú ahoro Ọ̀yọ́-Ilé tó wà nínú rẹ̀, òkè Adó-Àwáyè, àti àfonífojì Ìkéré lórí Odò Ògùn.

Amọ̀nà ṣe pàtàkì ní agbègbè yìí ju bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ lọ. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí àlejò wá wò kì í hàn sí ojú lásán. Ògiri ìlú ti di òkìtì tí koríko bò, ààfin ti di igbó, ẹranko a sì máa sá fún ènìyàn. Ẹni tí kò bá ní amọ̀nà lè gba àárín olú-ìlú Ọ̀yọ́ kọjá kí ó má mọ̀ pé òun dé ibẹ̀.

Ilẹ̀ àti ojú ọjọ́

Òkè-Ògùn ni orúkọ tí à ń pe àwọn ìlú tó wà ní apá òkè Odò Ògùn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní agbègbè náà: Ìwọ̀-Oòrùn Ṣakí, Ìlà-Oòrùn Ṣakí, Àtìsbò, Ìtẹ̀síwájú, Ìwájọ̀wà, Kájọlà, Ìsẹ́yìn, Ìrẹ́pọ̀, Ọlọ́runṣògo àti Oorelópé. Lára àwọn ìlú ńlá ibẹ̀ ni Ṣakí, Ìsẹ́yìn tí a mọ̀ mọ́ aṣọ òkè híhun, Òkèhò, Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì, Tẹdẹ́ àti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọkà bàbà ti ń lọ sí àwọn ìlú ńlá ìsàlẹ̀.

Odò Ògùn ṣẹ̀ láti òkè Ìgaran nítòsí Ṣakí. Ó gba inú ilẹ̀ ọ̀dàn yìí ṣàn lọ sí gúúsù, ó sì kọjá ní Abẹ́òkúta kí ó tó wọ inú ọ̀sà Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi agbègbè náà ló ń bá Odò Ògùn lọ. Ní apá àríwá Ọgbà Ọ̀yọ́ Àtijọ́, Odò Tẹsì àti àwọn odò kéékèèké mìíràn ń ṣàn lọ sí ìhà Odò Ọya. Nípa bẹ́ẹ̀, inú ọgbà náà ni omi ti pín ọ̀nà méjì.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ náà, èyí ni pé koríko gíga ló bò ó, pẹ̀lú igi tó dá dúró káàkiri. Igi èmì tí a fi èso rẹ̀ ṣe òrí, igi irú, igi apá àti igi osè wọ́pọ̀ níbẹ̀. Igbó dídí máa ń wà ní etí odò nìkan. Láàárín pápá wọ̀nyí ni àwọn òkè àpáta ti yọ sókè lójijì, omi sì ti gbẹ́ àfonífojì sí àárín wọn. Àkókò òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin ọdún, ó sì máa ń parí ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀ẹ̀rùn yóò wọlé, ọyẹ́ yóò sì fẹ́ ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní.

Ìrìn-àjò ní ìgbà àtijọ́

Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, ni olú-ìlú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́. Ojú ọ̀nà ìṣòwò tó so etí òkun mọ́ ìlú àwọn Bàrìbá, Nupe àti Haúsá ló wà. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ogun Nupe lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ìgbòho níkẹyìn. Ibẹ̀ ni wọ́n wà ní ìgbà ayé Aláàfin Egúngúnojú, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, Ajíbóyèdé àti Abípa.

Ìtàn bí wọ́n ṣe padà sí Ọ̀yọ́-Ilé jẹ́ ìtàn amọ̀nà pẹ̀lú. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Aláàfin Abípa fẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí olú-ìlú àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tí Ìgbòho ti mọ́ lára kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rán àwọn ènìyàn kan lọ fara pamọ́ sínú ahoro náà láti máa ké bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn tí ọba bá rán lọ wo ibẹ̀. Nígbà tí Abípa gbọ́ òkodoro ọ̀rọ̀, ọdẹ ni ó rán lọ. Àwọn ọdẹ mọ igbó, wọn kò sì bẹ̀rù ohùn òru. Wọ́n mú àwọn iwin náà láàyè, wọ́n kó wọn wá fún ọba. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, èyí ni ọba tó mú ọ̀rọ̀.

Ọ̀kan lára àwọn ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ nípa ilẹ̀ yìí ni ti Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra ní Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825. Robert Pearce àti dókítà Morrison kú lójú ọ̀nà nítorí àìsàn. Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, nígbà tí Aláàfin Májòtú wà lórí ìtẹ́. Ní gbogbo ọ̀nà náà, àwọn baálẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọba ló ń fi wọ́n lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń wá aláàárù fún wọn. Pasko, tó jẹ́ Haúsá, ni ògbufọ̀ wọn.

Nígbà tí Clapperton fẹ́ gba ìlú Nupe kọjá, Aláàfin kò fi ọ̀nà náà hàn án. Ó ní ogun wà níbẹ̀. Nítorí náà, ìhà Borgu ni àlejò náà gbà lọ, ó sì gba Kaiama àti Bussa kọjá kí ó tó dé ilẹ̀ Haúsá. Ó kú nítòsí Sókótó ní 1827. Ní 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ tún gba Ọ̀yọ́-Ilé kọjá nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí Odò Ọya ti wọ òkun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ìlú náà tú. Lẹ́yìn Ogun Ẹlẹ́dùúwẹ̀ tí Aláàfin Olúewu kú sí, ní àwọn ọdún 1830, àwọn ará ìlú fọ́n ká. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà, ibi tí Ọ̀yọ́ wà títí di òní. Igbó gba Ọ̀yọ́-Ilé. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọdẹ ló mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù.

Ìdásílẹ̀ ọgbà

Igbó ọba méjì tí ìjọba ìbílẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìgbà ìjọba amúnisìn ni ìpìlẹ̀ Ọgbà Orílẹ̀-Èdè Ọ̀yọ́ Àtijọ́. Igbó Òkè Odò Ògùn ni ti àkọ́kọ́, ní 1936. Igbó Ọ̀yọ́-Ilé tẹ̀ lé e ní 1941. Ní 1952, a sọ wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹranko. Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ pa méjèèjì pọ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ọgbà náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ibi tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀ fi nǹkan bí 330 mítà ga ju ojú òkun lọ, ibi tó ga jù sì fi nǹkan bí 508 mítà ga jù ú lọ. Ìlú Ọ̀yọ́ ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. A pín inú rẹ̀ sí ẹ̀ka márùn-ún fún ìṣọ́ àti ìbẹ̀wò: Ọ̀yọ́-Ilé, Mágúbà, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Tẹdẹ́ àti Yemọ̀ṣọ́.

Àwọn ibi tí à ń bẹ̀ wò

Ọ̀yọ́-Ilé. Ìgbẹ́tì ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò lọ sí ahoro olú-ìlú náà. Ohun tí amọ̀nà máa ń fi hàn níbẹ̀ ni òkìtì gígùn tó jẹ́ ògiri ìlú tẹ́lẹ̀, kòtò tó yí i ká, ojúkò ààfin, adágún tí àwọn ará ààfin ti ń pọn omi, àpáàdì káàkiri ilẹ̀, àti ihò róbótó lára àpáta níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan. Nínú ihò àpáta Méjìrò, Frank Willett hú àwọn irinṣẹ́ òkúta kéékèèké jáde ní 1956 sí 1957. Èyí fi hàn pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Ọ̀yọ́ tó di ìlú. Lẹ́yìn náà ni Robert Soper àti Patrick Darling wọn àwọn ògiri náà, wọ́n sì ya àwòrán wọn. Babatunde Agbaje-Williams ti Yunifásítì Ìbàdàn sì fi ìlú náà ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní 1983.

Àwọn ẹranko. Ẹfọ̀n, ẹgbin, ìgalà, ẹtu, ìmàdò, ijímèrè àti oríṣiríṣi ọ̀bọ mìíràn wà nínú ọgbà náà, pẹ̀lú ọ̀nì nínú odò àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ. Ibùdó Mágúbà, nítòsí Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ni ilé ìbùsùn àwọn àlejò wà. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ti ń mú wọn lọ sí etí odò ní òwúrọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹranko bá ń wá omi mu. Àwọn ẹranko ibẹ̀ kò pọ̀ ní gbangba bí ti àwọn ọgbà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí kò bá ní sùúrù lè padà láìrí ju ipasẹ̀ lọ.

Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì. Ní Ìgbòho, Igbó Ọba ni ibi tí a sin àwọn Aláàfin tó gbé ìlú náà sí. Ibi ọ̀wọ̀ ni, a kì í sì í dá wọ ibẹ̀. Ìgbẹ́tì wà láàárín àwọn òkè ńláńlá bí Òkè Agbélé àti Òkè Ìyámọ̀pọ́. Ibẹ̀ náà ni a ti ń wa òkúta mábù.

Adó-Àwáyè. Ìlú yìí wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Ní ìgbà ogun, orí òkè ni àwọn baba ńlá àwọn ará ìlú náà ń gbé. Nígbà tí àlàáfíà dé ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè. Àtẹ̀gùn tí a máa ń sọ pé ó jẹ́ 369 ni àlejò yóò gùn dé orí rẹ̀. Adágún Ìyàkẹ́ wà lókè náà. Orí àpáta ni omi rẹ̀ dúró sí, kì í sì í gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ènìyàn sábà máa ń fi wé adágún Hanging Lake tó wà ní Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun mìíràn tí à ń wò níbẹ̀ ni Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, èyí tí í ṣe àwọn ihò lára àpáta tó dà bí ipasẹ̀ ènìyàn, àti òkúta Ìṣàgè tó dúró lórí ìdí tóóró láìṣubú. Ọmọ ìlú ni amọ̀nà níbẹ̀. Òun ni yóò sọ fún àlejò ibi tí a kì í tẹ̀ àti omi tí a kì í wọ̀.

Àfonífojì Ìkéré. Ní ìhà Ìsẹ́yìn, Odò Ògùn gba àárín àwọn òkè kọjá nínú àfonífojì tóóró kan. Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ mọ ìdídò ńlá sí, pẹ̀lú èrò pé yóò pèsè iná mànàmáná, omi mímu àti omi fún oko. Iṣẹ́ náà falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi tó kún lẹ́yìn ìdídò náà ti di ibi tí àwọn apẹja ń gbé. Ọkọ̀ ojú omi ni àlejò fi ń wo àwọn òkè tó yí i ká, àwọn apẹja sì ni amọ̀nà lórí omi náà.

Àwọn amọ̀nà àti ìmọ̀ wọn

Oríṣi amọ̀nà mẹ́ta ló wà ní Òkè-Ògùn. Èkíní ni ẹ̀ṣọ́ ọgbà, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó gba ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ẹranko àti òfin ọgbà. Èkejì ni ọmọ ìlú tí ààfin tàbí àwọn àgbà yàn láti máa mú àlejò gun òkè. Ẹ̀kẹta ni ọdẹ.

Ìmọ̀ ọdẹ ni ó dàgbà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdẹ a máa fi ipasẹ̀ àti ìgbẹ́ mọ ẹranko tó kọjá àti ìgbà tó kọjá. A máa wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kí ẹranko má baà gbóòórùn ènìyàn. Ó mọ ihò àpáta tí omi ń dúró sí nígbà tí odò bá gbẹ. Ó tún mọ̀ pé níbi tí igi osè bá ti pọ̀ lójú kan, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Àmì yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ń lò láti dá ojúkò àwọn ìlú tó ti tú mọ̀. Nínú ìjálá, tí àwọn ọdẹ ń sun fún Ògún, ni orúkọ òkè, odò, ẹranko àti oríkì àwọn ìdílé tó ti gbé ibẹ̀ wà. Fún ìdí èyí, ìjálá jẹ́ ibi ìpamọ́ ìtàn fún ilẹ̀ tí kò ní ìwé.

Ṣùgbọ́n òfin tó dá ọgbà sílẹ̀ ló sọ iṣẹ́ ọdẹ di ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdẹ tí baba rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé kò lè wọ ibẹ̀ mọ́ láìgba àṣẹ, kò sì lè gbé ìbọn wọ ibẹ̀ rárá. Òfin náà ní ìdí, nítorí láìsí i, ẹranko ibẹ̀ ì bá ti tán. Síbẹ̀, ó ti ya ìmọ̀ náà nípa kúrò lára ilẹ̀ tí a ti kọ́ ọ. Bí àwọn àgbà ọdẹ ṣe ń kú, orúkọ àwọn odò kéékèèké, ẹnubodè àti àdúgbò Ọ̀yọ́-Ilé ń bá wọn lọ, nítorí ọmọ wọn kò rin ọ̀nà náà rí. Ohun tó lè dí àlàfo yìí ni kí àwọn ẹ̀ṣọ́ gba ìmọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà ọdẹ, kí ilé ẹ̀kọ́ gíga sì gba ohùn wọn sílẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Òkè-Ògùn nìkan. Ní àfonífojì ńlá Barranca del Cobre ní ìpínlẹ̀ Chihuahua, ní àríwá orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, àwọn ẹ̀yà Rarámuri ló mọ ọ̀nà tóóró inú àwọn òkè náà jù. Àwọn arìnrìn-àjò tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa gbára lé wọn.

Ìgbà àti ètò ìrìn-àjò

Ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, ni ìgbà tó dára jù fún ìbẹ̀wò sí ọgbà. Ní àkókò náà koríko ti gbẹ, ọ̀nà ṣeé gbà, àwọn ẹranko sì máa ń kó ara wọn jọ sí etí omi tó kù. Ní àkókò òjò, ọkọ̀ a máa rì sínú ẹrẹ̀, odò a sì máa gé ọ̀nà. Òkè Adó-Àwáyè ṣeé gùn ní gbogbo ọdún, ṣùgbọ́n àpáta rẹ̀ a máa yọ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀.

Àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọgbà kí ó tó wọ inú rẹ̀. Òfin kọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣọdẹ, pẹja, gé igi, da ẹran, dáná igbó tàbí gbé ohun ìjà níbẹ̀ láìní àṣẹ. A kì í gbé àpáàdì tàbí òkúta kúrò ní ahoro, nítorí ibi tí nǹkan wà jẹ́ apá kan ìtàn rẹ̀. Omi mímu, bàtà tó le, aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, àti oògùn ibà wà lára ohun tó yẹ ní gbígbé. Ìlà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀pọ̀ ibi nínú igbó. Nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó wà nílé mọ ọjọ́ tí àlejò wọlé àti ọjọ́ tí yóò jáde. Ní ìlú tó ní ọba, ó jẹ́ àṣà kí àlejò kí ààfin kí ó tó gun òkè.

Àwọn ìpèníjà

Àwọn apẹran láìgbàṣẹ ṣì ń wọ inú ọgbà. Àwọn mìíràn ń gé igi fún pákó tàbí fún èédú, tí òwò rẹ̀ gbòòrò ní Òkè-Ògùn, àwọn darandaran sì ń da màlúù wọ ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Iná igbó tí kò ní àkóso a máa jó ilé ẹyẹ, a sì máa tú ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gbàrá. Ọ̀gbàrá yìí kan náà ló ń gé òkìtì ògiri Ọ̀yọ́-Ilé lọ díẹ̀díẹ̀. Igbó náà gbòòrò ju iye ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ lọ, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé àti àwọn agbébọn ní agbègbè náà sì ti dín ìrìn-àjò kù. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ amọ̀nà kì í ṣe fífi ọ̀nà hàn nìkan. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ fún àlejò pé a kò ní lọ, bí Aláàfin Májòtú ti sọ fún Clapperton nípa ọ̀nà Nupe.

Àwọn abúlé tó yí ọgbà ká ní ohùn tiwọn pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ oko àti igbó ọdẹ àwọn baba wọn ni a pa ààlà sí. Níbi tí àlejò bá ti ń sùn sí ìlú, tí ó ra oúnjẹ níbẹ̀, tí ó sì san owó fún amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, àwọn ará abúlé a máa rí ìdí láti dáàbò bo igbó náà. Níbi tí wọn kò bá ti rí èrè kankan, ó máa ń ṣòro fún wọn láti rí i ju ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀yọ́ Àtijọ́ wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó lè di ibi àjogúnbá àgbáyé.